Níbo Ló Ń Dùn Ọ́, Toheebat?

Kí àwọn tó lọ kírun àárọ̀ tó padà délé ni ẹkún Toheebat ti gba gbogbo àgbàlá kan. Ìyá Mùnírù, ìyá bàbá rẹ̀, gbé òkúta tó fi ń pa èkùrọ́ lẹ́yìn ilé sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ẹkún náà kì í ṣe ẹkún ebi, kì í sì í ṣe ẹkún ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹkún ìrora ni, ẹni tó bá ti tọ́mọ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé òun.

"Níbo ló ń dùn ọ́?" Habeebah, ìyá ọmọ náà, bi í.

"Ó ń dùn mí."

"Mo ti gbọ́ pé ó ń dùn ọ́. Níbo? Ṣé orí ni?"

"Ẹ̀n."

"Àbí inú ni?"

"Ẹ̀n."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀n."

"Toheebat, èwo gan-an nínú gbogbo rẹ̀?"

Ọmọ náà tún bú sẹ́kún, ó sì gbá orí mọ́ àyà ìyá rẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún rèé o, ní ìgboro Ìlaró. Kì í ṣe òmùgọ̀. Bí okàdà bá ya kúrò ní títì, yóò ti sọ pé bàbá òun ló dé, kì í ṣe Bàbá Dámilọ́lá. Ó mọ Fátíà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó fi orúnkún rẹ̀ hàn yín, ọwọ́ ni yóò nà síta, yóò máa retí kí ẹ fi nǹkan sí i. Ẹ má sọ pé ojú rẹ̀ tí kò ríran ló fà á. Àwa tí a ríran ni a fà á, ó sì ń bí mi nínú.

Gbogbo ilé ti pín iṣẹ́ ara ọmọ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi òkèlè sí i lẹ́nu, ìyá àgbà ń pọ̀n ọ́n, bàbá ń gbé e lọ sí balùwẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ báyìí, ẹnu mẹ́ta ni yóò pariwo pọ̀: "Jókòó!" Òótọ́ ni pé kànga kan là ẹnu sílẹ̀ láàárín ilé àti ibi tí ìyá àgbà ti ń pa èkùrọ́, ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n bo kànga, ọmọ ni wọ́n bò.

Nígbà tí wọ́n gbé e sínú bàsíà láti wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ náà, igbe tó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní omi ló tutù. Ìyá Mùnírù fi ọ̀rí ra á lórí àti láyà, ó bu àgbo fún un mu. Ìyá Dámilọ́lá, aládùúgbò wọn, gbọ́ igbe náà, ó yọjú tòun ti pákò lẹ́nu. Obìnrin yìí kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo, bí kò bá mú nǹkan dání, á mú ìmọ̀ràn.

"Eyín ni," ó ní.

Wọ́n la ẹnu ọmọ náà. Kò sí nǹkan tó ṣe eyín rẹ̀.

"Á jẹ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ rẹ̀."

"Ìyá Dámilọ́lá, ta ló rí ṣúgà fi ṣòfò láyé tá a wà yìí?" Habeebah da aṣọ bo ọmọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì lọ.

Oníkẹ́míìsì tẹ ọmọ náà nínú, ó tan iná sí i létí, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn.

"Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Níbo ló ní ó ń dun òun?"

"Kò lè sọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ tó tóbi báyìí? Ẹ lọ bi í dáadáa kí ẹ tó padà wá. Mi ò lè máa fi abẹ́rẹ́ wá àìsàn kiri ara ọmọ ọlọ́mọ."

Ibi gbogbo ni wọ́n wò. Ibi tí wọn kò wò kò tilẹ̀ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Nígbà tí Habeebah fi máa padà délé, Mùnírù ọkọ rẹ̀ ti jókòó ti láfún àti ọbẹ̀ ilá. Okàdà ló ń gùn, ó fẹ́ gbé èrò lọ sí Ìdogò kó tó di àkókò Jímọ́ọ̀. Ìjà kì í dí láfún lọ́nà lọ́fun Mùnírù, ó lè jẹ ẹ́ kó sì máa jà.

"Ẹ di ẹrù ọmọ náà sílẹ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀."

"Bàbá Toheebat, ọmọ tó ń ké báyìí lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé lọ?"

"Ṣé tí kò bá lọ, ẹkún náà á dá?"

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Abdulrasaq, ẹ̀gbọ́n Mùnírù, ń gbé lábúlé kan lápá ẹnubodè. Ó ti bá bàbá afọ́jú kan sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣagbe lẹ́bàá títì níbi tí àwọn ọkọ̀ Kútọnu ti ń dúró. Bàbá náà ń wá ọmọ tí yóò máa jókòó tì í, nítorí ojú àánú àwọn èrò ọkọ̀ máa ń tètè là bí wọ́n bá rí ọmọdé. Abdulrasaq kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìkà. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ló bá ọmọ àbúrò rẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Jemima," ni Habeebah wí. "Ó ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú tó kéré sí i. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lónìí."

"Kí ló fẹ́ kọ́ ọ? Ọmọ tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún!" Mùnírù ju òkèlè sínú ọbẹ̀. "Àǹtí yín ń gbowó oṣù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó dáa. Bó bá lè fi ohun kan ṣoṣo hàn mí pé ọmọ yìí ṣeé kọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, èmi fúnra mi ni màá ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má bá mi jà."

Ó fọwọ́, ó gun okàdà rẹ̀, ó lọ. Ìyá Mùnírù gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ń jó o káàkiri àgbàlá. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ṣùgbọ́n èyí tí a kò sọ kalẹ̀ rí, ìgbà wo ni yóò mọ̀ pé òun ní apá?

Àǹtí Jemima kì í rọra wọlé. Ará Ayétòrò ni, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Yàrá kan lẹ́yìn ọjà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò ríran, ìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá jẹ́ kí wọ́n wá.

"Ẹ kú ilé o! Ta ló ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ yìí? Màmá, ẹ ẹ̀ ní sọ ọ́ kalẹ̀? Ẹ̀yìn yín kò ní dá yín lẹ́bi!"

Habeebah kó gbogbo rẹ̀ rò fún un, láti orí ẹkún dé orí ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀. Àǹtí Jemima kò sọ pé ó ṣeni láàánú. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, ó gba ọmọ náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ó dáa. Mo fẹ́ pa àlọ́ fún un."

"Nígbà wo?" Ìyá Mùnírù bi í.

"Nísinsìnyí, Màmá."

"Pẹ̀lú oòrùn tó wà lókè yìí? A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án nílé yìí o. Ìyá ẹni tí wọ́n bá pa á fún, kíkú ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ìyá Dámilọ́lá, tí kò tíì padà sílé rẹ̀, gbè é lẹ́sẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀, torí ìyá tirẹ̀ ṣì wà láyé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtàn."

"Orin wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà."

"Ẹ̀ ń gbe orin náà?"

"À ń gbè é, Mà."

"Ẹranko ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Àǹtí Jemima, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, fọwọ́ họ orí. "Adìyẹ kan máa ń dáhùn," ó ní.

"Àlọ́ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Toheebat ń ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín wọn. Habeebah dìde lórí àpótí tó jókòó lé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ta ni wọ́n ní yóò kú?"

"Ìyá ọmọ tó gbọ́ ọ."

"Èmi nìyẹn, Mà." Ó yíjú sí Àǹtí Jemima. "Àǹtí, ẹ pa á."

Ìyá Mùnírù wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ etí ẹní, ó sì jókòó.

"Ààlọ́ o!" ni Àǹtí Jemima ké.

"Ààlọ̀!" Ìyá Dámilọ́lá ló dáhùn, ó ti gbàgbé ara rẹ̀.

"Àlọ́ mi dá lórí adìyẹ kan tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun se ọbẹ̀, ló bá sá nílé. Ó fò, ó fò, ó bà sórí òkè kan tí koríko bò mọ́lẹ̀." Ó mú ọwọ́ Toheebat méjèèjì, ó gbé e lé ọmọ náà lórí. "Fọwọ́ wá a wò nínú koríko. Kí lorúkọ òkè yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Orí ni. Orí ta ni?"

"Orí ẹ."

"Kì í ṣe tèmi o. Fà á wò."

Toheebat fa irun náà. Ó dúró. Ó tún un fà. "Orí... èmi?"

"Orí ìwọ! Adìyẹ wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

Àǹtí Jemima gbé orin, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀:

"Adìyẹ o, adìyẹ, ibo lo bà sí?
Kò sí níbí o, ẹ tẹ̀ síwájú."

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Adìyẹ sọ̀ kalẹ̀ níwájú orí, ó kọjá lórí imú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú ẹnu. Ó bà lé èjìká, ó gbọn ìyẹ́, Àǹtí sì ní kí Toheebat gbọn èjìká tirẹ̀, sókè, sílẹ̀, sókè, sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìgúnpá, ọmọ náà di ibẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Nǹkan líle kan wà nínú mi!" ó pariwo.

"Egungun ni. Ká apá rẹ. Nà án. Ṣé o rí i pé ó ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu?"

Omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti dé ẹnu rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ yìí kò ì kúrò lórí ẹní, ó sì ti ń rí ohun tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlú ńlá ni, ó ti ń gbé inú rẹ̀ láìmọ àdúgbò kan níbẹ̀.

Mùnírù dé láti Ìdogò láti wá múra Jímọ́ọ̀. Ó gbé bútà omi àlùwàlá dání, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ìyá rẹ̀ ń gbe orin.

"Adìyẹ dé orí òkè kan tó máa ń ká. Orúnkún ni. Ká a. Ó wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbí o, ẹ tẹ̀ síwájú!"

"Ó gba ojúgun sọ̀ kalẹ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ní kò sẹ́ni tó máa rí òun níbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wá a wò."

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rìn ín ní gìnrìngìnrìn, ó kú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ti òsì. Igbe tó ké le tó bẹ́ẹ̀ tí bútà fi já bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀! Àǹtí, adìyẹ wà níbẹ̀! Ó ń ṣá mi jẹ!"

"Níbo?" Mùnírù ti dé orí ẹní. "Toheebat, níbo?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ mi," ni ọmọ náà dá a lóhùn, tìkanra-tìkanra, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ kò fetí sí àlọ́.

Wọ́n yí ẹsẹ̀ náà sókè. Ó ti wú. Nǹkan dúdú kan rì sínú ẹran, ọyún ti yí i ká. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà ti yi. Erùpẹ̀ pupa ti wọ àwọn ìlà rẹ̀, èyí tí ọṣẹ kò lè tètè bó. Ẹsẹ̀ ọmọ tí à ń pọ̀n kì í rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́," ni Ìyá Mùnírù wí. "Ẹ fi iná jó o. Ẹ mú ọ̀rí wá."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan. Ìka rẹ̀ tó ń ṣa èkùrọ́ láàárín eèpo lójoojúmọ́ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Toheebat gbé orin náà fúnra rẹ̀, ó ń ké, ó ń kọrin, títí nǹkan náà fi jáde. Ìyá Mùnírù fi í sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sínú oòrùn.

Eèpo èkùrọ́ ni.

Ibì kan ṣoṣo ni eèpo èkùrọ́ wà nínú ilé náà. Ẹ̀yìn ilé ni, lẹ́yìn kànga. Kò sì sí ẹni tó gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀ rí.

"Ta ló mú ọ lọ sẹ́yìn ilé?" Habeebah bi í, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Báwo lo ṣe débẹ̀?"

"Tí ẹ bá ń kírun. Mo máa ń fọwọ́ tọ ògiri."

"Kànga ńkọ́?"

"Ó máa ń tutù sí mi lójú. Mo máa ń yà fún un."

"Kí lo ń wá níbẹ̀?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ nu imú. "Òkúta Ìyá. Èyí tó máa ń ṣe kò, kò. Mo fẹ́ mọ̀ bó ṣe rí."

Ìyá Dámilọ́lá wo ilẹ̀, ó ń jẹ pákò rẹ̀ lọ. Ìyá Mùnírù ń fi ọ̀rí ra àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó ti fi ra á tán, kò sì dáwọ́ dúró. Èmi kò fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá ti pọn ọmọ sẹ́yìn fún ọdún márùn-ún kó má baà sọnù, tí ẹ wá mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ló ń wá bọ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Mùnírù gbé bútà rẹ̀ nílẹ̀. Kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó wọ ẹ̀yìn ilé, ó wọ́ ilẹ̀kùn pákó tó ti ń jẹrà lára ògiri láti ọjọ́ yìí, ó fi bo ẹnu kànga, ó sì gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé e.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, Abdulrasaq bọ́ sílẹ̀ lórí okàdà àbúrò rẹ̀. Èèyàn ọlọ́yàyà ni, ó ti ra búrẹ́dì wá fún ọmọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja dí ọ̀nà ẹ̀yìn ilé.

"Ẹrù rẹ̀ dà? Kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lọ́nà."

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún, Ẹ̀gbọ́n," ni Habeebah wí.

"Ẹsẹ̀? Ìyẹn kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Kò ní rìn níbẹ̀. Ìjókòó ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n jókòó ni wọ́n ń wá."

Mùnírù wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Èyí kò mọ̀ ọ́n jókòó."

"Báwo? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé..."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Àǹtí yìí ni yóò máa lọ. Èmi ni màá máa fi okàdà gbé e."

Abdulrasaq rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó rò pé àwàdà ni. Kò tíì rẹ́rìn-ín náà tán tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọwọ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá Mùnírù ń gbá ilẹ̀. Ó gbá a láti ìdí òkúta rẹ̀, ó yí kànga ká, ó gbá a dé ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kó eèpo èkùrọ́ jọ sínú agbọ̀n. Ó padà lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ni ìró mìíràn dún.

Kò. Kò. Kò.

Toheebat gbé orí sókè. Ó fọwọ́ wá orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ká wọn, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ lápá òsì kí àtẹ́lẹsẹ̀ má baà kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sí ògiri. Ẹnu Habeebah ti là, ti Mùnírù náà ti là, Ìyá Dámilọ́lá di ẹnu tirẹ̀ mú. Àǹtí Jemima ń fi ojú bá wọn wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó jókòó.

Kò. Kò.

Ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń kun orin adìyẹ lábẹ́nu. Ó ku díẹ̀ kó dé ìdí bẹ́ǹṣì. Òkúta dákẹ́ lẹ́yìn ilé, ohùn Ìyá Mùnírù sì dún wọlé.

"Abdulrasaq, ká ẹsẹ̀ rẹ. Ọmọ mi ń kọjá."